Yàrá Kejìlá ní Ìkìjà

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lóru kan,
owó ọwọ́ ni, kò sí “màá fi ránṣẹ́”.
Ṣeyífúnmi ló gbà á. Aró ti wọ èékánná rẹ̀ dé ìdí;
ìyá rẹ̀ ń paṣọ láró ní Ìtòkú,
òun náà a máa bá a sá a kó tó wọṣẹ́.
Ó ṣí ìwé gbàgàdà kan síwájú mi.
Orúkọ: mo kọ ọ́.
Iṣẹ́: mo kọ ọ́, mò ń tún fíríìsà ṣe.
Níbo lẹ ti wá?
Bírò dúró lọ́wọ́ mi.

Bí mo bá kọ Ìbàdàn, n kò purọ́,
ibẹ̀ ni mo ti wọkọ̀ ní ìdájí.
Ṣùgbọ́n àdúgbò yìí, mo ti sáré la inú rẹ̀ já láìwọ bàtà
nígbà tó ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa,
tí bàbá mi ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà
tó ń ka ìwé ìròyìn àná.
A ta ilé náà lọ́dún tí ìyá mi kú.
Èmi náà fọwọ́ sí i. Mo gba ìpín tèmi.
Mo fi ra irinṣẹ́.

Mo kọ Ìbàdàn.
“Ahọ́n yín ò jọ tibẹ̀, bùrọ̀dá.”
N kò fèsì. Ó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí mi,
tí wọ́n so mọ́ pákó tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́,
kí àlejò má baà fi sápò gbàgbé.

Wọ́n ti kọ ọ́ sára pátákó níta pé
láti ojú fèrèsé wa, ẹ ó máa wo Olúmọ.
Mo ta kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́:
táǹkì omi dúdú kan ló jókòó sórí òrùlé
bí ìyàálé tó lóun ò ní dìde fẹ́nìkan.
Ìgbà tí mo gun bẹ́ẹ̀dì, tí mo na ọrùn,
ni mo tó rí díẹ̀ lára àpáta náà,
bí èjìká ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn ògiri.

Fáànù ní nọ́ńbà márùn-ún, ẹyọ kan ló mọ̀.
Ọṣẹ kò ju eyín ọmọ lọ.
Omi garawa dé lẹ́yìn ìpè mẹ́ta.
Tówẹ́ẹ̀lì jẹ́ ti ìnáwó òkú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i lára:
Ó dìgbà o, Màmá Ṣófọlúwẹ̀,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Mo ti fi orúkọ ìyá yẹn nu ojú kí n tó kà á.
Ṣé mo mọ̀ ọ́n? Bóyá. Àwọn Ṣófọlúwẹ̀ kan
ní kànga lẹ́yìn ilé wa,
wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ọmọdé.
Mo rọra tẹ́ ẹ sórí àga. N kò lè jù ú sílẹ̀.

Lóru, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Mo wá ronú kan àwọn tó kọ́kọ́ sá wá síbí,
ogun lẹ́yìn, ọmọ lẹ́yìn:
wọ́n wọ abẹ́ àpáta, kò sẹ́ni tó bi wọ́n
pé òru mélòó ni wọ́n fẹ́ lò,
kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó.
Abẹ́ òkúta náà lèmi náà sùn sí,
rìsíìtì wà lápò mi,
ẹ̀fọn sì ń bi mí ní ìbéèrè kan náà létí ọ̀tún, létí òsì.

Wọ́n pèrun. Agogo Aké lù.
Lẹ́yìn náà, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ níta,
ṣàà, ṣàà, ó dúró díẹ̀, ṣàà,
bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.
Mo dìde jókòó.
Ilé mẹ́fà péré ló wà láàárín èmi àti ilé wa.
N kò tíì lọ wò ó.

Aago mẹ́jọ, mo gbé pákó àti kọ́kọ́rọ́ lọ bá Ṣeyífúnmi.
“Ṣé ẹ ti ń lọ nìyẹn? Ṣé iṣẹ́ ti parí?”
Mo ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mìíràn sórí ìwé náà.
Fíríìsà oníbàárà mi ní Kútọ̀
ti ń dì yìnyín láti ìrọ̀lẹ́ àná.